Ìdínilẹ́nu Yàtọ̀ sí Ìdákẹ́: Àmì àti Ohùn Obìnrin Nínú Their Eyes Were Watching God

Ní ọdún 1979, nínú ìwé lámèyítọ́ rẹ̀, From Behind the Veil, Robert Stepto gbé àbá kan kalẹ̀ lórí ìtàn àròsọ Zora Neale Hurston, Their Eyes Were Watching God. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń tún àbá náà sọ bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí lórí rẹ̀. Ohun tó wí ni pé a ń yọ̀ pé Janie Crawford jáde lọ sáyé, ó rí ara rẹ̀, ó sì padà wálé wá ròyìn, àmọ́ ẹnu tó ń ròyìn kì í ṣe ẹnu Janie. Kò pẹ́ tí Janie bẹ̀rẹ̀ ìtàn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Pheoby, tí asọ̀tàn arínúróde fi gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì dá a padà títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lójú Stepto, ohùn tí a ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ohùn àyálò ni. Èrò tèmi ni pé àbá yìí fẹsẹ̀ lé àṣìṣe kan: ó ka gbogbo ibi tí obìnrin kò bá ti sọ̀rọ̀ sí ọ̀kan náà. Bí a bá ya ìdínilẹ́nu sọ́tọ̀ kúrò lára ìdákẹ́, àwọn àmì inú ìwé náà yóò to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ lọ́nà tí kò hàn sí Stepto.

N kò ní fi àyè ṣòfò lórí ohun tí àmì jẹ́ tàbí bó ṣe yàtọ̀ sí àfiwé. Òǹkàwé wa mọ̀ ọ́n. Ìtàn ìwé náà fúnra rẹ̀ kò ṣókùnkùn. Hurston kọ ọ́ ní Haiti ní ọdún 1936 láàárín ọ̀sẹ̀ méje, ó sì jáde ní 1937. Lọ́dún yẹn kan náà ni Richard Wright kọ̀wé pé ìwé náà kò ní kókó-ọ̀rọ̀ kankan. Hurston kú ní Fort Pierce ní 1960 láìsí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àpilẹ̀kọ tí Alice Walker tẹ̀ jáde ní 1975 ló tún jí orúkọ rẹ̀ dìde, wọ́n sì tún ìwé náà tẹ̀ ní 1978. Wright sọ pé ìwé kò ní kókó. Stepto gbà pé ó ní, ó kàn ní obìnrin tó ni kókó náà kò sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fi ariwo wọn ohùn.

Ìdínilẹ́nu ni kí ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ní ikùn, kí ẹlòmíràn má jẹ́ kó sọ ọ́. Ìdákẹ́ ni kí ènìyàn ní ọ̀rọ̀, kí àyè àtisọ ọ́ wà, kí òun fúnra rẹ̀ sì pinnu ẹni tí yóò gbọ́ ọ, ìgbà tí yóò gbọ́ ọ, àti ẹnu tí yóò gbà jáde. Etí kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, nítorí dídákẹ́ náà ni wọ́n ń jọ. Ohun tó yí ẹni náà ká ló máa ń fi wọ́n hàn. Iṣẹ́ tí Hurston fún àwọn àmì rẹ̀ nìyẹn. Ní Eatonville ní Florida, nígbà tí Joe Starks, ọkọ Janie kejì, ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìlú, Tony Taylor ní kí ìyàwó olórí náà bá àwọn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Joe gba ọ̀rọ̀ náà kí Janie tó la ẹnu: ìyàwó òun kò mọ nǹkan kan nípa ká máa sọ̀rọ̀ láàárín ìlú, ilé ni ipò rẹ̀ wà. Kò pẹ́ sí i, Joe rí Walter tó dúró lẹ́yìn Janie nínú ilé ìtajà, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan etí irun dídì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti pàṣẹ pé ìborí kò gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀ nínú ilé ìtajà. Ìborí náà jẹ́ ìbòmú fún ẹnu ní tòótọ́, orí ni wọ́n kàn gbé e lé. Nígbà tí Joe kú, kí Janie tó ké sí aládùúgbò, iwájú dígí ló kọ́kọ́ lọ. Ó já ìborí náà sílẹ̀, ó tú irun rẹ̀ palẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó yà á, ó sì tún dì í padà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó ṣí fèrèsé tó pariwo bí opó ṣe ń pariwo. Lẹ́yìn ìsìnkú ló sun gbogbo ìborí náà níná. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ̀nyí, ìborí kan náà kúrò ní àmì àṣẹ ọkọ, ó di ohun tí obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ dì fún ìdí tirẹ̀. Òde rẹ̀ kò yí padà rárá, ẹni tó ni ín ló yí padà.

Ìbaaka fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Ìyá àgbà Janie, Nanny, tí wọ́n bí sóko ẹrú, ti sọ fún un pé ìbaaka ayé ni obìnrin dúdú jẹ́, òun ni gbogbo ènìyàn ń di ẹrù rù. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Logan Killicks, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un ṣẹ ní ṣangiliti, nítorí pé ó lọ ra ìbaaka kejì kí Janie náà lè máa túlẹ̀. Àmọ́ ìbaaka Matt Bonner ni n ó dúró lé. Joe rà á, ó sì dá a sílẹ̀ kó sinmi, Janie sì bọ́ síwájú àwọn ọkùnrin, ó yìn ín débi pé ẹnìkan pè é ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àbínibí. Gbogbo ohun tí Stepto ń wá ló wà níhìn-ín: Janie ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gbọ́ ọ. Síbẹ̀ Joe ló jèrè ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ìbaaka kú, tí ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ ìsìnkú rẹ̀, Joe gun òkú ẹran náà, ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí Janie débẹ̀. Nínú ìwé yìí, a lè sọ̀rọ̀ ká má lómìnira. Èéṣe tí a kò fi lè dákẹ́ ká lómìnira?

Àwọn kan lè fèsì pé igi píà tako èyí, pé àmì ìgbéyàwó ni, àti pé Tea Cake, ọkọ Janie kẹta, ni oyin tí òdòdó náà ń retí. A jẹ́ pé ọkùnrin ni Janie rí, kì í ṣe ara rẹ̀. N kò rò bẹ́ẹ̀. Kí ọkùnrin kankan tó yọjú ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà ti wà lábẹ́ igi yẹn, tó ń wo oyin tó ń wọ inú òdòdó. Òṣùwọ̀n ni igi náà jẹ́, òun ló fi ń wọn àwọn ọkọ rẹ̀, ó sì fi í wọn Killicks, ó rí i pé kò kún. Àmì tó gbẹ̀yìn ìwé sì kọ́ ni igi yìí. Ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ ni, tí Janie fà mọ́ra bí àwọ̀n ẹja, nínú yàrá ara rẹ̀, lẹ́yìn ikú Tea Cake.

Ibi tí àwọn tó gba ti Stepto máa ń dì mú jù ni ìran ilé-ẹjọ́. Ìjì líle tó jà ní adágún Okeechobee ní oṣù September 1928, tó pa ènìyàn tó tó 2,500 ó kéré tán, ni Hurston fi kọ́ ìparí ìtàn rẹ̀. Ajá dìgbòlugi bu Tea Cake jẹ nínú ìkún-omi náà. Wèrè àrùn yẹn ló mú un yọ ìbọn sí Janie, Janie sì yìn ín lù. Nígbà tó kàn án láti rojọ́, asọ̀tàn ló bá wa kó ọ̀rọ̀ náà jọ. A kò gbọ́ ohùn Janie fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n dí lẹ́nu nínú gbọ̀ngàn yẹn. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó dúró lẹ́yìn ni, tí wọ́n fẹ́ jẹ́rìí tí agbẹjọ́rò ìjọba sì halẹ̀ mọ́. Janie sọ tirẹ̀ tán. Òǹkọ̀wé tilẹ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí adájọ́ tó fura pé ó ti parí. Àwa ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí Hurston bá tún tẹ ìrojọ́ náà síwájú wa, ó máa fi wá jókòó ti àwọn ọkùnrin funfun méjìlá tó ń gbọ́ ẹjọ́, ká máa wò ó bóyá ó jẹ̀bi. Ó jọ pé ó kọ̀ láti fi wá síbẹ̀ ni.

Henry Louis Gates ti gbìyànjú ìdáhùn mìíràn ní 1988 nínú The Signifying Monkey, ìwé tó bẹ̀rẹ̀ lórí Èṣù Ẹlẹ́gbára tiwa. Ó ní ohùn asọ̀tàn àti ti Janie wọnú ara wọn débi pé a kò lè yà wọ́n mọ́. Òótọ́ ni ní ti èdè, ṣùgbọ́n kò kan ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú, òun sì ni kókó. Janie sọ fún Pheoby pé bó bá wù ú, kó sọ ìtàn náà fáwọn tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń bú òun. Òun kò ní wàhálà láti sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀yìnkùlé ló ti sọ èyí, lórí àtẹ̀gùn, tó ń fi omi yọ àárẹ̀ lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹni tó yan ẹnu tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gbà jáde kò pàdánù ohùn. Láyé àtijọ́, Ìlàrí ló máa ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin láti ìlú dé ìlú, kò sì sẹ́ni tó wí pé Aláàfin yadi.

Àtakò kan ṣì wà tí n kò lè fẹnu lásán borí, alámèyítọ́ Mary Helen Washington sì ti tọ́ka sí i. Nígbà tí Tea Cake na Janie láti fi han àwọn tó yí wọn ká pé òun lòun ni ín, àwọn ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ ìnà náà pẹ̀lú ìlara. Kò sí gbólóhùn kan láti ẹnu Janie lórí rẹ̀. Ìdákẹ́ kọ́ nìyẹn. Ìdínilẹ́nu ni, Hurston kò sì tú u títí ìwé fi parí. Àbùkù gidi ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí mo ń tẹnu mọ́ yìí ló jẹ́ ká lè fọwọ́ tọ́ àbùkù náà síbi tó wà gan-an, dípò ká nà án bo gbogbo ìwé. Mo gbà pé ẹ̀rí kò pọ̀ tó láti sọ pé gbogbo ìdákẹ́ tó kù jẹ́ ti Janie. Ó kàn ṣòro fún mi láti rí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì lè mọ sí Florida. Nínú The Secret Lives of Baba Segi's Wives tí Lola Shoneyin tẹ̀ jáde ní 2010, Ìyá Ṣẹ́gi ń fi "èmi" bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Síbẹ̀ nínú ilé kan náà ní Ìbàdàn, ó ti pọ̀ lọ́dún tó ti gbé àṣírí bàbá àwọn ọmọ mì fún ọkọ rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n Stepto bá tọ́, Ìyá Ṣẹ́gi ti dòmìnira láti ojú ewé tó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ka ìwé náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹkún ìyàwó ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọge á dúró níwájú òbí àti ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, á máa fi "mo" sun ẹkún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń lò ló jogún bá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti di ìyàwó ilé tí kò gbọdọ̀ pe ọmọ ilé lórúkọ. Ta ló ni "mo" yẹn? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi tó ń bọ̀ dorí kọ. Mo bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn kásẹ́ẹ̀tì yín bàjẹ́ sínú àpótí, ẹ tẹ ẹkún náà jáde lódindi, pẹ̀lú ohun tí àwọn obìnrin tó sun ún sọ nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà.