Ìjà Ẹbí Kòsọ́kọ́: Ẹ̀kọ́ tí Ẹ̀pẹ́ Ní fún Àwọn Onísinimá

Ẹni tó bá ń wo sinimá àgbéléwò Yorùbá mọ bí ìjà ẹbí ṣe máa ń parí níbẹ̀. Bí eré bá ti ń lọ sópin, àwọn àgbà yóò jókòó, ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omijé yóò bọ́, àdúrà yóò sì tẹ̀lé e. Òǹwòran yóò mí kanlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀sà tó lọ láti Ẹ̀pẹ́, tó gba iwájú Ìkòròdú kọjá wọ Èkó, ìtàn ìjà ẹbí kan wà tí irú ìparí bẹ́ẹ̀ tètè wáyé nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn àforíjì náà gan-an ni ogun bẹ́.

Ìjà ọ̀hún ni ti Ọba Akítóyè àti Kòsọ́kọ́. Ọmọ Ológun Kútere ni Akítóyè. Òsinlókun, ẹ̀gbọ́n Akítóyè, ló bí Kòsọ́kọ́. Àbúrò bàbá àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Èkó sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ló bí ìjà: Kòsọ́kọ́ fẹ́ obìnrin kan tí Ẹlẹ́tù Òdìbò ti ń fẹ́ sọ́nà. Ẹlẹ́tù kì í ṣe ẹni tí a ń fi ọwọ́ pa lójú, nítorí òun ni olórí afọbajẹ. Nígbà tí oyè ṣí ní ọdún 1841, Akítóyè ni wọ́n fi jẹ ọba. Kòsọ́kọ́ wà ní ìgbèkùn.

Akítóyè ṣe ohun tí à ń pè ní ìwà àgbà. Ẹlẹ́tù kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Eréko. Bí ó bá ṣe sinimá ni, ibí ni orúkọ àwọn òṣèré ì bá ti máa gòkè lójú amóhùnmáwòrán. Ẹlẹ́tù bínú, ó kó lọ sí Bàdágìrì. Kòsọ́kọ́ ní tirẹ̀ ń kó ènìyàn jọ, nítorí kò gbàgbé pé bàbá òun jọba. Nígbà tí Akítóyè tún pe Ẹlẹ́tù padà, ogun dé. Ní oṣù keje ọdún 1845, Ogun Olómirò jà ní Èkó. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà Bàdágìrì. Wọ́n sì pa Ẹlẹ́tù. Ọba ti dárí jì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tí oyè tọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó parí ìjà àárín Kòsọ́kọ́ àti Ẹlẹ́tù.

Akítóyè wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun wọn fi àgbá fọ́ Èkó. Kòsọ́kọ́ sá, Àwùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú sì gbà kí ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀ṣọ́dì Tápà àti ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí bá a lọ. Ní ọdún 1853, ó kó ogun bọ̀ láti gba Èkó, ó kùnà. Ọdún yẹn kan náà ni Akítóyè wàjà, tí Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì gorí oyè. Ìjà di ogún fún ọmọ.

Àdéhùn ló dá ìjà yìí dúró, kì í ṣe omijé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí ìwé ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́, òun yóò sì fi òwò ẹrú sílẹ̀. Wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Orímẹ́dù àti Lẹ́kkí, wọ́n sì ṣèlérí owó ọdọọdún fún un. Ẹni tí kò rí oyè gbà rí ibi tí yóò ti máa jẹun, kò sì tún gbógun ti Èkó mọ́. Ní ọdún 1862, ó padà sílé. Àwọn èèyàn Ọ̀ṣọ́dì tẹ̀dó sí àdúgbò tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Ní Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀, Èkó-Ẹ̀pẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ọdún Káyókáyó sì ń rán ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ létí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé.

Síbẹ̀, àdéhùn náà pẹ́ kó tó dé. Kí Kòsọ́kọ́ tó padà, Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú ní oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ohun tí ẹbí méjèèjì ń jà lé lórí ti bọ́ sọ́wọ́ àlejò tí wọ́n pè wá gbèjà.

Lónìí tí ilẹ̀ ti di wúrà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọmọ ìyá ń pe ọmọ ìyá lẹ́jọ́, àwọn àgbà sì mọ̀ pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ẹbí tó bá fẹ́ parí ìjà, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó gbàdúrà; ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìde níbẹ̀, kí wọ́n pín ohun tó wà nílẹ̀, kí olúkúlùkù sì mọ ìpín tirẹ̀. Onísinimá tó bá fi èyí han òǹwòran ti ṣe ju eré lọ.