Wòlíì Jero: Bí eré kúkúrú méjì tí Wọlé Ṣóyínká kọ ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí ìtàgé

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1960, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà ku oṣù mẹ́fà, gbọ̀ngàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun ní Mellanby Hall, ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, di ibi ìṣeré. Eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni The Trials of Brother Jero. Wọlé Ṣóyínká ló kọ ọ́, ọdún náà gan-an ló sì padà wálé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Eré náà kúrú débi pé a lè ṣe é tán láì sinmi. Etíkun Bar Beach ní Èkó ló ti wáyé, níbi tí àwọn wòlíì ti ń du ilẹ̀ àti ọmọ ìjọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Jeroboam, tí wọ́n ń pè ní Arákùnrin Jero, kò fi ara rẹ̀ pamọ́ fún òǹwòran. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún wọn pé òwò ni iṣẹ́ wòlíì lọ́wọ́ òun, àti pé òun ti lé ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Chume, ọmọ ìjọ rẹ̀ tó jẹ́ ìránṣẹ́ ọ́fíìsì, ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun láàyè láti na Amope ìyàwó òun. Jero kọ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti balẹ̀ kò ní wá sí ìjọ mọ́. Ìgbà tó rí i pé Amope yìí kan náà ló dógò ti òun lẹ́nu ọ̀nà nítorí gbèsè ló tó fọwọ́ sí i.

Ibi tó dùn jù nínú eré náà ni àdúrà Chume. Tí ẹ̀mí bá gbé e, èdè pijin ló máa ń sọ: kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ní kẹ̀kẹ́, kí oníkẹ̀kẹ́ ní mọ́tò. Òǹwòran á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí lọ́wọ́ òmìnira ni Chume ń tọrọ yẹn. Nígbà tí eré fi parí, olóṣèlú tó ń wá ipò mínísítà ti kúnlẹ̀ fún Jero.

Ní ọdún 1967, wọ́n ṣe eré náà ní New York, pẹ̀lú The Strong Breed. Ẹ̀wọ̀n ìjọba ológun ni Ṣóyínká wà lákòókò náà, nígbà ogun abẹ́lé. Ọdún 1969 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀.

Ọdún 1973 ni eré kejì, Jero's Metamorphosis, jáde. Etíkun kan náà ni, ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Lẹ́yìn ogun, ìjọba ológun ti ń so adigunjalè mọ́ òpó ní Bar Beach, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n lójú gbogbo ayé. Ibẹ̀ ni wọ́n pa Ishola Oyenusi sí ní 1971, níṣojú èrò rẹpẹtẹ. 'Bar Beach Show' ni àwọn ènìyàn ń pe irú ìran bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀ nípa sinimá.

Nínú eré yìí, àjọ ìrìnàjò afẹ́ fẹ́ lé àwọn wòlíì kúrò kí wọ́n lè kọ́ gbàgede ìpànìyàn fún àwọn òǹwòran. Fáìlì àṣírí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ Jero. Ó kó àwọn wòlíì jọ sínú ìjọ kan ṣoṣo, ó wọ̀ wọ́n láṣọ, ó fún wọn ní oyè ológun, ó sì fi fáìlì náà halẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba títí wọ́n fi gbà fún un. Níkẹyìn, ó gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ síbi tí àwòrán aláṣọ ológun kan wà tẹ́lẹ̀.

Eré kejì kò pani lẹ́rìn-ín tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: ẹni tí olóṣèlú ń kúnlẹ̀ fún ní 1960 ti wá rí i pé ọ̀dọ̀ sójà ni agbára wà, ó sì para dà.

Ìwé kan, The Jero Plays, ni a ti ń ka méjèèjì báyìí. Ní ti Bar Beach fúnra rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú iyanrìn tí Jero ń jà lé lórí ti di ilẹ̀ ìlú tuntun Eko Atlantic.