Wáyà tí kò kan ara wọn: Ìtàn àwòrán iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú A380

Bí aránṣọ méjì bá jọ ń rán ẹ̀wù kan náà ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan ń rán apá, tí èkejì sì ń rán ara ẹ̀wù, ohun kan ṣoṣo ni ó lè mú kí apá náà bá ara ẹ̀wù mu: kí àwọn méjèèjì máa lo ìwọ̀n kan náà. Bí ẹni tí ó ni ẹ̀wù bá sì yí ọkàn padà láàrin iṣẹ́, tí ó ní kí a fi aṣọ mìíràn rọ́pò ti àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́, kí wọ́n sì gbọ́ ọ ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ tí ó dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí. Síbẹ̀ òun gan-an ni ó mì ilé-iṣẹ́ Airbus ti ilẹ̀ Yúróòpù tìtì láàrin ọdún 2005 sí 2007, ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní aláìmọ̀wé.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, bébà ni a fi ń ṣe àkóso irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìyá àwòrán kan ṣoṣo ni ó wà, a sì ń tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ̀dà rẹ̀ tí a tẹ̀ sára bébà aláwọ̀ búlúù, ní ọ̀nà tí John Herschel ará Gẹ̀ẹ́sì ṣàwárí ní ọdún 1842, ni ó ń lọ sí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́. Ní igun àwòrán náà ni nọ́ḿbà rẹ̀ máa ń wà, pẹ̀lú lẹ́tà kan, orúkọ ẹni tí ó yà á, àti ìfọwọ́sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àtúnṣe bá dé, lẹ́tà A a di B. A ó kọ ohun tí a tún ṣe àti ọjọ́ tí a tún un ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ó sì gba gbogbo ẹ̀dà A padà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́. Iṣẹ́ náà ń gba ọjọ́, ó sì ń súni. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà rere kan: kò sí ẹni tí kò mọ àwòrán tí àṣẹ wà lára rẹ̀.

Ní ọdún 1977 ni àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Dassault ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan tí a wá mọ̀ sí CATIA. Ní ọdún 1981 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Dassault Systèmes sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Pẹ̀lú CATIA, ayàwòrán kò tún ní láti fi ojú inú nìkan wo bí irin yóò ti jókòó lé irin. Ó lè yí àwòṣe náà síwá sẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà, kí ó sì rí ibi tí páìpù kan bá ti gba inú páìpù mìíràn kọjá. Ilé-iṣẹ́ Boeing ti Amẹ́ríkà fi ya ọkọ̀ 777 wọn, èyí tí ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1994, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ó wá dàbí ẹni pé ọ̀ràn ẹ̀dà A àti ẹ̀dà B ti di ìtàn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kọ̀ǹpútà mú bébà kúrò, ṣùgbọ́n kò mú ìbéèrè tí bébà ń dáhùn kúrò: lára àwòrán ta ni àṣẹ wà?

Ọdún 1970 ni Faransé àti Jámánì dá Airbus sílẹ̀. Sípéènì wọlé lẹ́yìn náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Irú ọgbọ́n àjùmọ̀ní bẹ́ẹ̀ ni Airbus fi bá Boeing fi ẹsẹ̀ wọnsẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọgbọ̀n ọdún, àjọṣe lásán ni. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀gá tirẹ̀ àti àṣà iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n tó di ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ òfin. Díẹ̀ ṣáájú èyí, ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, ni wọ́n ti fọwọ́ sí kíkọ́ A380, ọkọ̀ alájà méjì tí a gbà láyè láti kó èrò tó 853. A lè wí pé àwọn ará ilé ṣì ń kó ẹrù wọ yàrá nígbà tí iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ kan ilẹ̀kùn.

Broughton ní Wales ni ìyẹ́ rẹ̀ ti ń wá. Hamburg ní Jámánì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ara ọkọ̀ náà níwájú àti lẹ́yìn ti ń wá. Sípéènì ń ṣe nínú ìrù rẹ̀. Faransé ń ṣe imú àti àárín. Ọkọ̀ ojú omi a gbé wọn dé Pauillac, ọkọ̀ pẹlẹbẹ a gbé wọn gba orí odò Garonne lọ sí Langon, láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ti ń gbé wọn lóru gba àárín ìlú kéékèèké kọjá lọ sí Toulouse, níbi tí a ti ń tò wọ́n pọ̀.

Irin kò dá wàhálà sílẹ̀, wáyà ni. Wáyà inú A380 kan ju 500 kìlómítà lọ ní gígùn, iye wọn sì tó nǹkan bí 100,000. Ìdì ìdì ni a ń dì wọ́n, a ó ti ge ìdì kọ̀ọ̀kan sí gígùn rẹ̀, a ó sì ti fi orí ìsopọ̀ sí i kí a tó tẹ́ ẹ sínú ara ọkọ̀. Nítorí náà ìdì tí a ṣe ní Hamburg gbọ́dọ̀ débi tí orí ìsopọ̀ ti Toulouse ń dúró dè é. Ohun méjì sì mú un le sí i. Èkínní ni pé ilé-iṣẹ́ arìnrìn-àjò kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe fẹ́ kí inú ọkọ̀ tirẹ̀ rí, àga, iná, àti ohun ìgbádùn èrò, tí àtúnṣe kò fi dẹ́kun. Èkejì ni pé, kí ọkọ̀ náà lè fúyẹ́, wọ́n fi wáyà aluminíọ́mù rọ́pò ti bàbà níbi púpọ̀. Aluminíọ́mù kì í ṣe é ká bí bàbà. Bí ó bá dé kọ̀rọ̀, ó ń fẹ́ àyè tí ó gbòòrò láti yà, ọ̀nà tí ó ń tọ̀ sì gùn ju ti bàbà lọ. Ní kọ̀rọ̀ kan, ìyàtọ̀ náà kéré. Ẹ wá ro iye kọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ ju 70 mítà lọ.

Àtúnṣe bí èyí ni ó yẹ kí kọ̀ǹpútà gbé kiri láìsí òógùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà karùn-ún CATIA ni Toulouse àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò, nígbà tí Hamburg àti Sípéènì ṣì di ẹ̀dà kẹrin mú. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, orúkọ yìí ni ó sì tan ènìyàn jẹ. Ẹ̀dà karùn-ún kì í ṣe ẹ̀dà kẹrin tí a tún ṣe. A tún un kọ láti ìpìlẹ̀ ni. Bí a bá gbé àwòrán láti inú ọ̀kan sí èkejì, ìrísí rẹ̀ lè kọjá, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, pé èyí ni ó ń pinnu gígùn tọ̀hún, kì í bá a kọjá tán. Àtúnṣe tí Toulouse bá ṣe kò lè dé Hamburg fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni yóò gbé e lọ.

Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n lo ẹ̀dà kan? Owó wà nínú rẹ̀, àkókò náà wà nínú rẹ̀, nítorí pé kíkọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ní ohun tuntun láàrin iṣẹ́ kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ìtìjú àti iyì ìlú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ta ni yóò pàṣẹ fún Hamburg pé kí ó ju irinṣẹ́ tí ó mọ̀ dunjú sílẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀gá Faransé àti ti Jámánì ṣì ń pín ipò láàrin ara wọn bí ẹni pín ogún? Ọ̀ràn àṣẹ ni, a fi aṣọ ọ̀ràn ẹ̀rọ wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kínní ọdún 2005, olórí ìjọba orílẹ̀-èdè mẹ́rin péjọ sí Toulouse láti wo A380 àkọ́kọ́. Ó fò ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, ó sì fò dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ilé ńlá tí a ti ń tò wọ́n pọ̀, àwọn ìdì wáyà láti Hamburg kò dé ibi tí ó yẹ kí wọ́n dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005 Airbus kéde ìfàsẹ́yìn àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, èkejì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ẹ̀kẹta. A kó ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ láti Jámánì wá sí Toulouse, wọ́n sì ń fi ọwọ́ tú wáyà, wọ́n ń fi ọwọ́ tò ó padà, nínú ọkọ̀ tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2006, ìpín ìdókòwò EADS, tí ó jẹ́ òbí Airbus, já wálẹ̀ ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pẹ́ tí Noël Forgeard ti EADS àti Gustav Humbert ti Airbus fi ipò sílẹ̀. Christian Streiff gba ipò Humbert, kò sì lò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ. EADS ṣírò pé ìfàsẹ́yìn náà yóò jẹ bílíọ́nù 4.8 owó Yúrò nínú èrè wọn títí di ọdún 2010. Ní oṣù Kejì ọdún 2007 ni wọ́n kéde ètò Power8, tí yóò mú iṣẹ́ 10,000 kúrò láàrin ọdún mẹ́rin. Òótọ́ ni pé àìlera owó dọ́là wà lára ìdí rẹ̀, kò sì tọ́ kí a di gbogbo rẹ̀ ru wáyà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn ní Faransé àti Jámánì kọ́ ni ó yan ẹ̀dà tí ìlú kọ̀ọ̀kan yóò lò.

Singapore Airlines gba ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2007; òun nìkan ni a fi lé oníbàárà lọ́wọ́ ní ọdún náà. Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni a fi ọwọ́ to wáyà wọn. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ni a fi irinṣẹ́ àjọlò ya. Nígbà tí ó kan A350, tí ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2013, àwòṣe kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìlú, àti àwọn alágbàṣe wọn, jọ ń wò.

A380 kò pẹ́ lórí àtẹ. Oníbàárà rẹ̀ ni ó dínkù, kì í ṣe wáyà ni ó pa á. 251 ni wọ́n tà kí èyí tí ó kẹ́yìn tó lọ sí ọwọ́ Emirates ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ọkọ̀ tí Singapore Airlines gbà ní ọdún 2007, ọ̀kan nínú àwọn tí a fi ọwọ́ to wáyà wọn, ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2017. Tarbes, tí kò jìnnà sí Toulouse, ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tú u palẹ̀.