Ìdérí awò ìbọn

Ìdérí awò ìbọn jẹ́ ohun èlò kékeré tí a fi ń bo jígí iwájú àti jígí ẹ̀yìn awò tí a dè mọ́ orí ìbọn ráífù, kí eruku, òjò, ẹrẹ̀ àti ìkọlù má baà bà wọ́n jẹ́. Awò ìbọn fúnra rẹ̀ ni ọ̀pá oníjígí tí ó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú ẹni tó fẹ́ yìnbọn. Àwọn ọdẹ, àwọn tí ń fi ìbọn yíyìn ṣe eré ìdárayá àti àwọn atamátàsé inú iṣẹ́ ológun ni wọ́n ń lò ó, pàápàá ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù. Ìbọn ṣakabùlà tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ kì í ní irú awò bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a fi ń mọ ìdérí tó lè tọ́jọ́: kí ó bá ẹnu awò mu, kí ohun tí a fi ṣe é bá ojú ọjọ́ ibi tí a ti ń lò ó mu, àti kí oríkèé rẹ̀ lágbára. Bíbá ẹnu awò mu ló ṣáájú, nítorí ìdérí tó ti já bọ́ sínú igbó kò lè dáàbò bo ohunkóhun mọ́.

Ìdí tí jígí fi nílò ààbò

Jígí lásán máa ń dá nǹkan bí 4% ìmọ́lẹ̀ tó bá kọlu ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan padà. Nítorí pé jígí inú awò kan pọ̀, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ni ì bá ṣòfò kí ó tó dé ojú ẹni tó ń wò ó. Ní ọdún 1935, Alexander Smakula, onímọ̀ físíìsì ní ilé-iṣẹ́ Carl Zeiss ní Jámánì, ṣe àgbékalẹ̀ ọ̀nà láti fi ìbòrí tín-ín-rín bo jígí kí ìmọ́lẹ̀ tí ń padà lè dín kù. Irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn awò ìbọn òde òní, ó sì fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po tín-ín-rín ju irun orí lọ.

Ìbòrí yìí ni eruku ń bà jẹ́. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí a fi ń wọn líle òkúta, kúọ́tsì tó wà nínú iyanrìn wà ní ipò 7. Magnesium fluoride, ọ̀kan lára àwọn ohun tí a fi ń ṣe ìbòrí jígí, wà ní nǹkan bí 6. Jígí lásán wà láàrin 5 sí 6. Iyanrìn lè fa ìlà sí méjèèjì lára, àmọ́ àwọn kò lè fa ìlà sí iyanrìn. Ẹni tó fi etí aṣọ nu jígí eléruku, iyanrìn gan-an ló ń fi ha á.

Ìlà wẹ́wẹ́ tó bá ti wọ jígí lára kì í jinná. Ó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, ìpalára rẹ̀ sì máa ń hàn jù ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀. Àsìkò wọ̀nyí gan-an ni ẹranko púpọ̀ ń jáde tí ọdẹ sì ń ṣọ́ wọn. Ẹni tí kò ríran dáadáa lè ṣe ẹranko léṣe láì pa á, tàbí kí ó fi ènìyàn pe ẹran.

Ìtàn ní ṣókí

Awò ìbọn ti wà ní ìlò ní Amẹ́ríkà kí Ogun Abẹ́lé ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1861. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, awò No. 32 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń dè mọ́ ìbọn Lee-Enfield No. 4 ní ìdérí méjì tí a fi awọ ẹran ṣe, tí okùn awọ sì so pọ̀. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà àti ike gba ipò awọ. Awò PSO-1 ti ìbọn Dragunov, tí Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì gbà wọ iṣẹ́ ológun ní 1963, ní ìdérí rọ́bà fún jígí iwájú.

Kì í ṣe gbogbo atamátàsé ló gba ti awò. Simo Häyhä, ọmọ ilẹ̀ Fínlándì tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ogun tí Fínlándì bá Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì jà nínú yìnyín ní 1939 sí 1940, kò lo awò. Irin ìfojúsùn orí ìbọn tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí jígí máa ń ṣú nínú òtútù, ó máa ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn, ó sì ń mú kí ẹni tó ń yìnbọn gbé orí sókè díẹ̀ sí i. Ìdérí tó dára lè dín ìṣòro àkọ́kọ́ àti èkejì kù, ṣùgbọ́n kò lè yanjú ẹ̀kẹta.

Oríṣi ìdérí

Ìdérí olókùn: Ìdérí rọ́bà tàbí ike méjì tí okùn rírọ̀ so pọ̀ ni. Kò wọ́n, kò sì ní oríkèé tó lè kán. Àléébù rẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ yọ méjèèjì kúrò pátápátá kí a tó lè wo nǹkan, ó sì rọrùn láti sọnù.

Ìdérí oloríkèé: Òrùka kan á fún mọ́ ẹnu awò, ọmọ ìdérí á sì ṣí bí ilẹ̀kùn nígbà tí a bá fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó dè é. Spíríǹgì ló ń ṣí i. Ilé-iṣẹ́ Butler Creek ti Amẹ́ríkà gbajúmọ̀ fún irú rẹ̀. Ìyára ni àǹfààní rẹ̀. Oríkèé ni ibi tó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí ẹ̀ka igi lè kọ́ ọ nígbà tó bá ṣí sílẹ̀.

Ìdérí onírin tí a ń yí: Alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, a sì ń yí i wọ ẹnu awò bí a ti ń yí ìdérí ìgò. Kì í ṣàdédé já bọ́, ṣùgbọ́n ìlà ìyí ilé-iṣẹ́ kan lè má bá ti òmíràn mu.

Àpò awò: Neoprene, rọ́bà àtọwọ́dá tí ilé-iṣẹ́ DuPont ṣàwárí ní 1930, ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ń bo gbogbo awò, ó sì dára fún ìrìnàjò. Bí omi bá wọ inú rẹ̀ tí a kò sì sá a gbẹ, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè dípẹtà.

Ìdérí tó mọ́ gaara: A lè wo nǹkan láti inú rẹ̀ láì ṣí i. Bí kò bá ní ìbòrí tí ń dín ìtànpadà kù, ojú rẹ̀ méjèèjì yóò dá nǹkan bí 8% ìmọ́lẹ̀ padà. Nítorí náà ó yẹ kí a ṣí i nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ohun tí a fi ń ṣe é

Oòrùn àti gáàsì ósóònù inú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí rọ́bà tó wá láti ara igi sán. Sílíkóònù fara da oòrùn àti òtútù jù ú lọ, àmọ́ ó rọrùn láti ya. Ike polypropylene kò wọ́n, ó sì ṣeé ṣẹ́ po lọ́pọ̀ ìgbà láì kán, ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù bá dé nǹkan bí 0°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè kán bí igi gbígbẹ. Náílọ́ọ̀nù tí a lú pọ̀ mọ́ fọ́nrán jígí lágbára jù ú lọ. Èyí kì í ṣe náílọ́ọ̀nù tí a fi ń di ọjà. Ike dúdú sábà máa ń pẹ́ nínú oòrùn ju ike aláwọ̀ mìíràn lọ, nítorí èédú lẹ́búlẹ́bú tí ó sọ ọ́ di dúdú ń gba ìtànṣán tí ń ba ike jẹ́. Òtútù kì í mú alumíníọ̀mù kán, ṣùgbọ́n ìkọlù líle lè tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ní ṣeé ṣí mọ́.

Àwọn olùtajà kan máa ń dárúkọ MIL-STD-810. Ìlànà ìdánwò ti ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ni, tí ó ní ìdánwò òtútù, ooru, iyanrìn, òjò àti ìgbọ̀nrìrì nínú. Orúkọ náà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó yẹ kí olùtajà sọ èwo nínú àwọn ìdánwò náà ni ọjà rẹ̀ yege.

Wíwọn ẹnu awò

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn fi nọ́ńbà tí a kọ sára awò ra ìdérí. Awò tí a kọ 3–9×40 sí lára ń sọ ohun tí a ń wò di ńlá ní ìlọ́po 3 sí 9, jígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 40. Jígí nìkan ni nọ́ńbà yìí ń wọ̀n. Etí ọ̀pá tó yí jígí ká fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní mìlímítà mélòó kan, ó sì yàtọ̀ láti ọwọ́ olùṣe kan sí òmíràn.

Ìdábùú ẹnu awò láti òde ni kí a wọ̀n. Ẹni tí kò bá ní kálípà lè fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu awò ká, kí ó wọn gígùn rẹ̀, kí ó sì fi 3.14 pín in. Bí ìwé náà bá gùn tó mìlímítà 148, ìdábùú ẹnu awò jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 47. Ọ̀tọ̀ ni kí a wọn ti iwájú, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀yìn.

Fífi ìdérí sí àti ìtọ́jú rẹ̀

Kí a tó fọwọ́ kan awò, a gbọ́dọ̀ yọ ọta kúrò nínú ìbọn, kí a sì yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ìdérí iwájú kò gbọdọ̀ kan ọ̀pá ìbọn. Ìdérí ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ dí irin tí a fi ń kó ọta wọlé lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ dáadáa nígbà tó bá ṣí, nítorí ìbọn máa ń ta sẹ́yìn, tí ó sì lè gbá iwájú orí ẹni tó yìn ín. Lára àwọn awò kan, gbogbo apá ẹ̀yìn ló ń yí nígbà tí a bá ń yí ìlọ́po padà. Ìdérí yóò bá a yí.

Bí eruku bá bà lé jígí, kí a kọ́kọ́ fẹ́ ẹ dànù, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá èyí tó kù, lẹ́yìn náà ni kí a tó fi aṣọ jígí nù ún. Bákan náà ni a ń ṣe sí kámẹ́rà àti awò olójú méjì. Ìdérí tí a pa dé lórí jígí tútù yóò sé omi mọ́ inú, nítorí náà jígí gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó dé e. Gáàsì náítrójìn tí a rọ sínú ọ̀pọ̀ awò ń dènà ìrì nínú, kò dènà rẹ̀ lójú jígí lóde. Ẹni tó ti inú òtútù wọ yàrá gbígbóná lè fi ìbọn sílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀ títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìdérí kò sọ awò di ohun ìwòran. Ibi tí awò bá kọjú sí ni ẹnu ìbọn kọjú sí, nítorí náà awò olójú méjì ni a fi ń wá ẹranko tàbí yẹ ènìyàn wò. Ìgbà tí ohun tí a fẹ́ yìn bá ti dájú ni a ń ṣí ìdérí awò ìbọn.