Ọdún Lùkúlùkú: Bí Àwọn Ará Èkó Ṣe Pàdé Àjàkálẹ̀ Àrùn Ọdún 1918

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Láyé àtijọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa kì í kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀, ohun ńlá tó bá ṣẹlẹ̀ nílùú ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Wọn a ní, "Ọdún lùkúlùkú ni wọ́n bí lágbájá." Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìtàn ìdílé, tí a kò sì béèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn adìẹ mọ orúkọ náà dáadáa, nítorí òun náà ni wọ́n ń pe àrùn tó máa ń wọ agbo adìẹ, tí yóò sì pa wọ́n tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1918, kì í ṣe adìẹ ni lùkúlùkú wọ̀ láàárín, ọmọ ènìyàn ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, kì í ṣe iye àwọn tó kú nìkan ni a fẹ́ yẹ̀wò nínú àròkọ yìí. A fẹ́ wo ohun tí àwọn ará Èkó ṣe nígbà tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìdí tí wọ́n fi ṣe é, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ọ̀nà Omi Ló Gbà Wọlé

Ogun àgbáyé kìíní, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, ń lọ sópin nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi ń kó ọmọ ogun, èédú àti ẹrù ọjà kiri etíkun ilẹ̀ Áfíríkà. Ní agbedeméjì oṣù kẹjọ ọdún 1918, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní HMS Mantua gúnlẹ̀ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, pẹ̀lú bí igba atukọ̀ tí ara wọn kò yá. Kò pẹ́ tí àrùn náà fi ran àwọn lébìrà tó ń kó èédú sínú ọkọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 27 oṣù náà, nínú 600 lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ elédùú tó wà níbẹ̀, 500 ni kò lè wá síbi iṣẹ́. Láti Sàró, ọkọ̀ mìíràn gbé e dé Cape Coast ní ìparí oṣù kẹjọ, ó sì dé Àkrá ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ SS Bida tó ń ti Gold Coast bọ̀, ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, wọ èbúté Èkó pẹ̀lú èrò tí àrùn náà ti wà lára wọn.

Oṣù kan péré ni àrùn náà fi rin ìrìn àjò láti Freetown dé Èkó. Ọkọ̀ kò dúró, nítorí pé ogun kò dúró, òwò náà kò sì dúró. Àrùn wo ni? Òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní influenza. Ibà, ikọ́, orí fífọ́ àti ara ríro ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ara rẹ̀ ń yá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn mìíràn, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, yóò di òtútù àyà, yóò sì gba ẹ̀mí. Ohun tó bani lẹ́rù jù ni pé àwọn géńdé, láti ẹni ogún ọdún sí ogójì ọdún, ló ń pa jù, kì í ṣe àwọn arúgbó àti ọmọdé nìkan. Àwọn dókítà pàápàá kò mọ ohun tó ń fa àrùn náà. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ìlú Ọba tó rí kòkòrò náà yà sọ́tọ̀ lára ènìyàn. Oògùn pẹnisílíìnì kò tíì sí láyé. Nítorí náà, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe ju kí ó ní kí aláìsàn sinmi, kí ó sì jìnnà sí àwọn tó kù.

Wolé-Wolé Dé, Ará Ilé Sá

Ìjọba amúnisìn rán àwọn wolé-wolé káàkiri Èkó láti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Iṣẹ́ wọn ni láti wá ẹni tó ń ṣàìsàn rí, kí wọ́n fi oògùn apakòkòrò fọ ilé, kí wọ́n sì gbé àwọn kan lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àrùn tó ń ran ni. Lójú ìjọba, ìtọ́jú ni wọ́n ń ṣe. Lójú ọ̀pọ̀ ará ìlú, mímú ni wọ́n ń mú ènìyàn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé aláìsàn pamọ́ sí ìyẹ̀wù. Àwọn tó lágbára kó ẹrù, wọ́n sì fi Èkó sílẹ̀. Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn mìíràn gba orí ọ̀sà, olúkúlùkù ń wá ọ̀nà ilé baba rẹ̀ tàbí abà tó ti ní ẹbí.

Ó rọrùn láti sọ lónìí pé àìmọ̀kan ló ń dà wọ́n láàmú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ojú wọn ti rí kí àrùn yìí tó dé.

Èkínní, ọ̀rọ̀ owó omi. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba kéde pé àwọn yóò fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, tí ará ìlú yóò sì máa san owó orí rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Omi Ìjú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní 1915, owó náà sì dé ní 1916 pẹ̀lú rògbòdìyàn. Àwa Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ owó omi yìí dá ìyapa sílẹ̀ láàárín ìjọ Mùsùlùmí Èkó gan-an. Apá kan wà lẹ́yìn Lèmọ́mù àgbà, tí wọ́n gbà pé kí á san án. Apá kejì, tí wọ́n ń pè ní Jàmáà, kọ̀ jálẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àrùn dé ní 1918, Mùsùlùmí Èkó kò ní ohùn kan ṣoṣo tí gbogbo wọn lè gbọ́ràn sí.

Èkejì, ogun Àdùbí. Ní ọdún 1914 ni òmìnira àwọn Ẹ̀gbá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di 1918, ìjọba Lugard gbé owó orí lé wọn lórí. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn Ẹ̀gbá dìde, wọ́n hú irin ọkọ̀ ojú irin kúrò nílẹ̀. Ìjọba rán ọmọ ogun sí wọn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹ kà á wò: láti ìgbà tí ogun yìí bẹ̀rẹ̀ sí ìgbà tí SS Bida gúnlẹ̀, oṣù mẹ́ta ni. Ta ni yóò gbàgbọ́ pé ìjọba tó yìnbọn lu ará Abẹ́òkúta ní àná ni ó fẹ́ wo ará Èkó sàn lónìí?

Ẹ̀kẹta, àrùn náà jẹ́ àjèjì. Yorùbá mọ ìgbóná, wọ́n mọ àmì rẹ̀ lára, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń ya ẹni tó ní in sọ́tọ̀. Lùkúlùkú kò ní àmì lára. Ẹni tó lọ sọ́jà láàárọ̀ lè dùbúlẹ̀ lálẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ òkú. Bí Mùsùlùmí bá kú, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi kàfáànì dì í, wọ́n á kírun sí i lára, wọ́n á sì sin ín láìjáfara. Ẹ ro ó wò fúnra yín: ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n gbé ìyá òun lọ sí ibi tí kò dá lójú pé ọwọ́ ọmọ yóò kan òkú rẹ̀?

Sísá Tó Di Gbígbé

Ṣùgbọ́n bí ìdí tiẹ̀ wà fún ohun tí wọ́n ṣe, àrùn kì í wo ìdí. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n wọ̀ ti gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kọjá, ó sì ti dé Kánò láti ìgbà díẹ̀ ṣáájú ogun. Ọ̀nà yẹn gan-an ni lùkúlùkú tọ̀. Ẹni tó sá kúrò ní Èkó kí ó má baà kú gbé àrùn lọ bá àwọn òbí rẹ̀ lábúlé, láìmọ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa parí, ó ti tàn dé ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nínú nǹkan bí 80,000 ènìyàn tó ń gbé Èkó, àwọn òpìtàn ṣírò pé àwọn tó kú ju 1,000 lọ. Ní gbogbo Nàìjíríà, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù méjìdínlógún, wọ́n ṣírò pé bí 500,000 ló kú láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ wòye pé Èkó, tí wọ́n ń sá kúrò níbẹ̀, kò pàdánù tó ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n sá lọ.

Kì í ṣe ibojì nìkan ló pọ̀ sí i. Òpìtàn Don Ohadike kọ ọ́ ní 1981 pé ní ìsàlẹ̀ odò Ọya, ikú àwọn géńdé mú kí agbára iṣẹ́ iṣu dínkù, àwọn tó ṣẹ́kù sì yíjú sí gbágùúdá, tí kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan, tí Joseph Shadare àti ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, wà lára wọn, kó ara jọ fún àdúrà ìwòsàn ní àsìkò náà. Láti inú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Aládùúrà ti hù. Èyí fi hàn pé nígbà tí ilé ìwòsàn kò ní ìdáhùn, olúkúlùkù wá a lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Ohun Tí A Ti Gbọ́ Ṣáájú

Ní tiwa, ọ̀rọ̀ sísá àti dídúró yìí kì í ṣe tuntun. Ní àsìkò Sàyídínà Umar, ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù pẹ̀lú àwọn sàhábé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń pè ní Sargh, ìròyìn kàn án pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò dá pinnu. Ó pe àwọn Muhájírúnà, ó pe àwọn Ánsárù, ó sì pe àwọn àgbà Kùráíṣì, ó gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n padà. Abu Ubaydah bi í léèrè bóyá kádàrá ni ó ń sá fún. Umar fún un lésì pé ẹni tó da ẹran rẹ̀ lọ sí ibi koríko tútù, tó fi ibi gbígbẹ sílẹ̀, kò jáde kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun. Abdurrahman ọmọ Awf ló wá jẹ́rìí sí ohun tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wọn: kí á má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wà, kí ẹni tó sì wà níbẹ̀ má jáde láti sá fún un.

Ìlànà yìí ni àwọn tó sá kúrò ní Èkó kò lè tẹ̀lé nítorí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ọ̀nà tí Umar gbà pẹ̀lú: ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìjọba 1918 kò fi ọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni, àṣẹ ló pa.

Ojúlé sí Ojúlé, Nígbà Mìíràn

Ní oṣù keje ọdún 2014, Ebola ba ọkọ̀ òfurufú wọ Èkó láti Làìbéríà. Lóòótọ́, àrùn yẹn kì í tètè ràn bí influenza, nítorí náà a kò lè fi méjèèjì wé ara wọn pátápátá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojúlé sí ojúlé náà ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Wọ́n tọpa ènìyàn 894 tó ti bá àwọn aláìsàn pàdé, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ogún ènìyàn ló kó o, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Kì í ṣe pé àhesọ kò sí nígbà náà. A ṣì rántí òru tí wọ́n ní kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu ún. Àwọn kan ti ibẹ̀ kú. Ní ọdún 2020, nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí pa, tí wọ́n sì sé Èkó àti Ògùn mọ́lé láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta, àríyànjiyàn 1918 tún jí dìde: ṣé òótọ́ ni, ta ni yóò jèrè rẹ̀, kí ni ẹni tó ń jẹun òòjọ́ yóò jẹ?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ láàárín olórí àti ará ìlú kò ṣeé rà lọ́jà ní ọjọ́ tí àrùn bá dé. Ìgbà tí ara bá le ni a ti ń kọ́ ọ. Àwọn olórí ìjọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìjà owó àti oyè pín ohùn wọn débi tí ọmọ ìjọ kò ní mọ ẹni tí yóò gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n bá nínú ilé, kì í ṣe kòkòrò àrùn. Àwa ará ilé náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀ hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Aláìsàn tí a gbé pamọ́ ń ran gbogbo agbolé.

Iṣẹ́ kan kù fún ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín. Ẹ bi wọ́n bí ẹnì kan nínú ìdílé bá kú tàbí tí wọ́n bá bí i ní ọdún lùkúlùkú, ibi tí wọ́n sá lọ, àti ẹni tó tọ́jú wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó parẹ́. Àìsàn ló ṣeé wò, a kò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn tó ti lọ, kí ó fi ọgbọ́n tọ́ àwọn olórí wa sọ́nà, kí ó sì má jẹ́ kí á rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmín.