Ìyèré: Ata Inú Igbó àti Ilé Rẹ̀

Ṣọ̀wọ́n ni ìyá àgbà kan yóò wà ní agbègbè Yewa yìí, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, tí kò mọ ìyèré. Wóró dúdú kéékèèké ni, ó ní ìrù tín-ín-rín, a sì máa ń gún un sínú ọbẹ̀ ẹja gbígbóná fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí a bá ń gún un nínú ilé, ẹni tí ń kọjá lójú ọ̀nà yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. Nítorí pé díẹ̀díẹ̀ li a ń rà á lọ́jà, àwa rò pé ohun tí kò ní ìtàn ni. Àṣìṣe ni èyí. Nítorí ata yìí ti mú kí ọkọ̀ la òkun kọjá, ó sì ti ná ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀mí wọn.

Kí a tó sọ ìtàn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ohun tí í ṣe. Ìyèré kì í ṣe igi, ìtàkùn ni. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ a máa yọ ní oríkèé rẹ̀, èyí li ó fi ń di ara igi mú, tí ó sì fi ń gun òkè tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Èso rẹ̀ a máa so jọ lórí ọ̀pá kan. A kọ́kọ́ tutù yọ̀yọ̀, lẹ́yìn náà a pọ́n, nígbà tí a bá sì sá a gbẹ, a di dúdú. Schumacher àti Thonning, àwọn ọ̀mọ̀wé ará Denmark, li ó sọ ọ́ ní Piper guineense nínú ìwé ewéko li ọdún 1827. Ìbátan ata dúdú ilẹ̀ Íńdíà ni. Ó sì tún ní ìbátan mìíràn, Piper capense, tí ń gbé nínú igbó tútù orí òkè gíga, bí irú ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ìbáà ṣe orí òkè, ìbáà ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀, òjìji àti ọ̀rinrin li àwọn méjèèjì ń wá. Ní ilẹ̀ Yewa, ìhà Ìlaròó li ó sún mọ́ igbó dídí. Bí a bá sì ń lọ sí ìhà Ayétòrò, ọ̀dàn ń gba ilẹ̀, àfi igbó etí odò li ó kù fún irú ìtàkùn bẹ́ẹ̀ láti sá sí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìbíní. Ní nǹkan bí ọdún 1486, João Afonso de Aveiro, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, dé ibẹ̀, ó sì mú ata yìí padà lọ fún ọba Pọ́túgàlì. Wọ́n pè é ní ata onírù. A fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Flanders, ó sì níye lórí púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ ilé òwò sí Ughoton. Ṣùgbọ́n li ọdún 1498 Vasco da Gama bá ojú omi dé Íńdíà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọba Pọ́túgàlì fi òfin de òwò ata Ìbíní, kí ó má bàa ba ọjà ata Íńdíà jẹ́. Ẹ kíyèsí i: títa ata náà kò dínkù, òórùn rẹ̀ kò sì yípadà, èrè àwọn ẹlòmíràn li ó yípadà.

Li ọdún 1553 li àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá a wá. Thomas Windham li olórí wọn. Antonio Pinteado, ará Pọ́túgàlì, li ó mọ ọ̀nà. Ọba Ìbíní gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fi èdè àwọn Àgùdà bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí ó ti kọ́ ọ láti kékeré. Ó ní bí ọjà wọn kò bá tó ra ata tí wọ́n ń fẹ́, òun yóò fi ìyókù wìn wọ́n títí di ọdún tí ń bọ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, a kó ata tó 80 tọ́ọ̀nù jọ fún wọn. Pinteado ti kìlọ̀ pé àkókò náà léwu fún àwọn àlejò, ṣùgbọ́n Windham kò gbọ́. Ibà kọlù wọ́n. Windham kú, Pinteado náà sì kú ní ojú òkun. Nínú ènìyàn 140 tí ó jáde kúrò nílé, agbára káká li 40 fi padà.

Nígbà tí ọjà òkèèrè yìí rẹlẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí ìyèré di ohun ìgbàgbé? Ìkòkò àwọn ìyá wa ni. Wọn kò bèèrè iye tí Lisbon tàbí London ń san, kí wọn tó fi í sínú ọbẹ̀ abiyamọ. Ní ọdún 1986 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa tẹ ìwádìí jáde pé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a máa pa kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀wà inú àpò. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tán láàárín wa.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ó burú ju òfin ọba lọ. Òfin lè ti ọjà pa, kò lè pa ìtàkùn. Ẹni tí ó bá gé igi tí ìtàkùn dì mọ́, ti ba ilé rẹ̀ jẹ́; ẹni tí ó bá sì fa gbogbo ìtàkùn wálẹ̀ nítorí èso ọdún kan, ti jẹ ti ọdún mẹ́wàá mọ́ ọn. Bí a ti ń ṣán igbó etí odò fún oko àti fún igi ìdáná, bẹ́ẹ̀ li ìyèré ń jìnnà sí wa. Ọmọ wa yóò mọ̀ ọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí ó ti ń hù.

Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ń gé igi nígbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko lẹ́bàá odò, ẹ fi igi díẹ̀ sílẹ̀ lórí ìdúró. Ẹ̀yin tí ń ká a, ẹ ká èso, kí ẹ fi ìtàkùn sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Iye tí wọn ó san fún ìyèré ní òkèèrè kò sí ní ọwọ́ wa. Ilé rẹ̀ li ó wà ní ọwọ́ wa.