Obìnrin Nọ́wè àti Ọmọ Ogun Jámánì: Ìfẹ́ tí Ìjọba Sọ Di Ẹ̀ṣẹ̀

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1940 ni ọmọ ogun Jámánì ya wọ Nọ́wè, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún ọdún 1945. Gbogbo ará Nọ́wè nígbà náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 lọ, ọmọ ogun tó wá dó tì wọ́n sì lé ní 300,000. Ọ̀pọ̀ abúlé etíkun ni wọ́n dé. Obìnrin ìlú ń fọṣọ fún wọn, ó ń dáná fún wọn, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wọn, nítorí pé ibẹ̀ ni owó wà. Níbi tí ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin bá ti ń ríra lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò ní ṣàì wọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé obìnrin bíi 30,000 sí 50,000 ló fẹ́ ọmọ ogun Jámánì tàbí tó bá a ṣọ̀rẹ́, àti pé ọmọ tí wọ́n bí tó 10,000 sí 12,000.

Ohun tí ojú àwọn obìnrin wọ̀nyí rí lẹ́yìn ogun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè ní ẹ̀san ọ̀dàlẹ̀. Àlàyé yẹn kò dúró. Bí a bá wo àwọn tí ìyà jẹ àti àwọn tí ìyà kò jẹ, yóò hàn pé wọn kò fìyà jẹ wọ́n nítorí pé wọ́n ran ọ̀tá lọ́wọ́. Ohun tó bí ìlú nínú ni pé obìnrin fi ara rẹ̀ fún ẹni tí ìlú kò yọ̀ǹda.

Ìjọba Násì ti Hitler náà kò kúkú ka ìfẹ́ sí ọ̀ràn ara ẹni. Ẹ̀yà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n ka ará Nọ́wè sí ẹ̀jẹ̀ kan náà pẹ̀lú tiwọn, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ní 1941, ẹgbẹ́ Lebensborn, tí Heinrich Himmler, ọ̀kan lára àwọn olórí ìjọba náà, dá sílẹ̀ ní 1935, wọ Nọ́wè. Wọ́n ṣí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ń fún ìyá ní owó ìtọ́jú, wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ bíi 8,000 sílẹ̀. Ìjọba yìí kan náà ló pàṣẹ ní oṣù Kẹta 1940 pé bí ará Pólàńdì tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì bá bá obìnrin Jámánì lò pọ̀, ikú ni. Wọ́n so ọ̀pọ̀ rọ̀. Ní ti obìnrin náà, wọn a fá orí rẹ̀ ní gbangba, wọn a so pátákó mọ́ ọn lọ́rùn, wọn a fà á káàkiri ìlú kí wọ́n tó jù ú sẹ́wọ̀n. Ní 1941 ni Hitler fúnra rẹ̀ dá ìdójútì ìta gbangba yẹn dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kò dáwọ́ dúró.

Ó yẹ kí èyí dun ènìyàn: orí fífá tí ìjọba Násì fi dójú ti àwọn obìnrin tirẹ̀ náà ni àwọn tó ṣẹ́gun Násì gbà lò ní 1945. Láti 1941 ni ìjọba Nọ́wè tó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ti ń kìlọ̀ lórí rédíò pé obìnrin tó bá bá ọmọ ogun Jámánì rìn yóò jìyà rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé, àwọn èrò fa obìnrin jáde kúrò nílé, wọ́n gé irun wọn ní ìgboro, wọ́n ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó Jámánì. Ìjọba wá kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí àgọ́ ìhámọ́. Èyí tí a mọ̀ jù wà ní Hovedøya, erékùṣù kékeré kan lẹ́bàá Oslo. Ìjọba ní nítorí àrùn ìbálòpọ̀ àti láti dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ èrò ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tó sọ pé kí obìnrin má fẹ́ràn ará Jámánì, wọn kò sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́.

Ní oṣù Kẹjọ 1945 ni òfin náà wá dé, wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn. Obìnrin tó bá ti fẹ́ ọmọ ogun Jámánì nígbà ogun kì í ṣe ọmọ Nọ́wè mọ́. Wọ́n kó wọn tọmọtọmọ lọ sí Jámánì tí bọ́ǹbù ti sọ di àlàpà, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ẹbí kankan àfi ti ọkọ. Àwọn ọkùnrin Nọ́wè 28 kan wà tí wọ́n fẹ́ obìnrin Jámánì nígbà ogun kan náà. Wọn kò lé ẹyọ ẹnì kan, wọn kò sì gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn. Àwọn kọngílá tó kọ́ pápákọ̀ òfuurufú àti odi ogun fún Jámánì, tí wọ́n fi di olówó, púpọ̀ nínú wọn kò fojú ba ilé ẹjọ́ rí.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà ṣe amí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wà fún amí lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Hovedøya kò dé ibẹ̀ nítorí amí. Àwọn tí wọ́n bá rìn ló gbé wọn débẹ̀.

Ti àwọn ọmọ ló burú jù, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n ṣe. Ní 1945 ni ìjọba yan ìgbìmọ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn lórí. Àgbà dókítà ọpọlọ kan, Ørnulf Ødegård, ní púpọ̀ nínú wọn lè ya dìndìnrìn, nítorí pé obìnrin tó lè bá ọmọ ogun Jámánì lò pọ̀ kò lè jẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé. Wọ́n tilẹ̀ gbìmọ̀ àtikó wọn lọ sí Ọsirélíà, kó tó di pé wọ́n pa á tì. Àwọn kan dàgbà sínú ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ láìsí àrùn kankan lára wọn. Anni-Frid Lyngstad, tó wá di gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin ABBA, wà lára àwọn ọmọ náà. Oṣù Kọkànlá 1945 ni wọ́n bí i, nígbà tí bàbá rẹ̀ ti padà sí Jámánì. Ìyá ìyá rẹ̀ ló gbé e sá lọ sí Swídìn kí ẹnu ayé má baà pa á. Ìyá rẹ̀ bá wọn níbẹ̀, ó sì kú ní 1947. Ọmọ náà dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bàbá òun ti kú sójú omi. Ọdún 1977 ló tó fojú kan án.

Ní 2000 ni olórí ìjọba, Kjell Magne Bondevik, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ṣètò owó gbà-má-bìínú tó bẹ̀rẹ̀ láti 20,000 kroner dé 200,000. Àwọn kan lára wọn gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg, tó kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 2007 nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù. Àwọn ìyá ni wọ́n dá lóhùn gbẹ̀yìn. Ní oṣù Kẹwàá 2018, Erna Solberg, olórí ìjọba, gbà ní gbangba pé ìjọba fìyà jẹ wọ́n láìsí ìdájọ́ àti láìsí òfin, ó sì tọrọ àforíjì. Ọdún 73 ti kọjá, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ti kú, kò sì sí owó gbà-má-bìínú kankan fún ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù.